Ìrìn-àjò Ọdẹ́rìndé Nítorí Ìfófó Ọtí

Ẹ fi ife yín sílẹ̀ ná. Láti ìgbà tí oòrùn ti wà ní àtàrí ni ẹ ti ń jiyàn lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ yìí. Ẹni kan ní ọtí ìlú òyìnbó ló dára jù, ẹnì kejì ní irọ́ ni, Gbọ́láwọyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé sì ní kò tilẹ̀ sí ọtí nílẹ̀ wa, pé omi ọkà lásán ni à ń mu. Mo ti ń dákẹ́, nítorí ẹni tó ti pa ẹfọ̀n rí kì í bá ẹni tó pa ọ̀kẹ́rẹ́ du ìròyìn. Èmi Ògúnsínà, tí ẹkùn méjì sá fún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí erin rí tó yà kúrò lọ́nà. Ẹni tí kò bá gbà, kó dìde kó lọ bi erin.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ni, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó wá ìfófó ọtí dé ìlú mẹ́ta tí ọmọ ènìyàn kì í dé. Èmi ni mo fà á tó fi lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn.

Ìyá kan náà ló tọ́ àwa méjèèjì. Ẹfúntádé ni orúkọ rẹ̀. Òun ló bí Ọdẹ́rìndé, òun náà ló sì gbà mí tọ́ nígbà tí ìyá tèmi kú. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ìyá yìí ń pọn. Yóò rẹ ọkà, yóò jẹ́ kó hù, yóò sá a, yóò lọ̀ ọ́, yóò sè é, yóò sẹ́ ẹ. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ìfófó yóò bo ẹnu ìkòkò bí ẹni dé e ní fìlà funfun. Nílùú wa Ìlọ́kà nígbà náà, ìfófó yìí ni adájọ́. Bí ẹni méjì bá jà, a ó bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sínú igbá kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì yóò sì dorí kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá gbé orí sókè, àwọn àgbà yóò wo imú wọn. Bí ìfófó bá wà nímú àwọn méjèèjì, ìjà parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú u mọ́. Bí kò bá sí ìfófó, ìjà ń bẹ síbẹ̀.

Èmi àti Ọdẹ́rìndé wá jà. Ẹfọ̀n kan ló fà á. Ìbọn méjì dún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹfọ̀n ṣubú, ojú ọta kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Ó ní ọta òun ni, mo ní tèmi ni. Títí di òní tèmi ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Ó pè mí ní olè, mo pè é ní afọ́jú, a kẹ̀yìn síra. Àdúgbò Òkè gbè é, àdúgbò Ìsàlẹ̀ gbè mí, bẹ́ẹ̀ ogójì ìṣísẹ̀ péré ló wà láàárín ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ àti tèmi. Àwọn obìnrin tó ń pọntí tilẹ̀ bínú ju àwa tó jà lọ. Ti Òkè ní àwọn kò fẹ́ kí ohunkóhun tó ti Ìsàlẹ̀ wá kan ìkòkò àwọn mọ́, ti Ìsàlẹ̀ náà wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ìkòkò ọtí lọ sódò, wọ́n fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán.

Ọdún yẹn gan-an ni Àṣàbí ìyàwó mi kú. Ọdẹ́rìndé kò wá síbi ìsìnkú. Mo ń wo ojú ọ̀nà títí wọ́n fi kó erùpẹ̀ bò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni ìjà náà kò ti jẹ́ ti ẹfọ̀n mọ́.

Ìgbà náà ni ọtí kọ̀ nílùú wa. Bí wọ́n ti ń pọn ọ́n tó, yóò kàn jókòó sínú ìkòkò bí omi ògì ni, kò hó, kò kan, kò pa ènìyàn. Ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹni tó bá jà kò rí ìfófó parí ìjà, ìjà wá ń pọ̀ sí i nílùú bí ẹrù ọlọ́jà. Ìyá wa wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ránṣẹ́ pe àwa méjèèjì, a wọlé, a ò wo ojú ara wa.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò bẹ̀rù ikú. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí n dé ọ̀run, kí ìyá Ògúnsínà bi mí pé ọmọ òun ńkọ́, kí n wá sọ pé òun àti ọmọ mi kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ìfófó nímú ẹ̀yin méjèèjì kí n tó lọ.”

Ẹnu mi yìí, ẹ wò ó, òun ló dáhùn. Mo ní, “Ìyá, kò sí ìfófó nílùú. Ẹni tó bá mi du ẹfọ̀n mi ni kó lọ wá a.”

Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ má lọ kí n tó dé.”

Ìyá ní, “N ó dúró dè ọ́. Ṣùgbọ́n má pẹ́, ara mi kì í ṣe irin.”

Ó wọ gbérí ọdẹ rẹ̀, ó fi àdá há ìdí, ó gbé akèrègbè òfìfo kọ́ èjìká, ó wọ igbó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. N kò ní fi ẹ̀gún ọ̀nà dá yín lágara. Kò sí òkè tí kò gùn, kò sì sí odò tí kò là kọjá, ó ṣáà dé Ìlú Elésùsú.

Àwọn iwin ìlú yìí ní ọrùn gígùn, ẹnu wọn kò sì ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń mu. Wọ́n ri í mọ́lẹ̀ láàárín ìlú, ó fẹ̀ tó àbà, ọtí ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀, gbígbóná, tí èéfín ń rú lórí rẹ̀. Oníkálùkù ti esùsú gígùn, koríko oníhò, bọ inú rẹ̀, wọ́n ń fà á mu. Wọ́n fún Ọdẹ́rìndé ní esùsú tirẹ̀, ó fà á, ó dùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn tó ti jókòó tán ni olórí wọn tó wá sọ òfin fún un.

“Ẹni tó bá jókòó kò gbọdọ̀ dìde kí ìkòkò tó gbẹ. Ẹni tó bá dìde, ọrùn rẹ̀ ni a ó fi ṣe esùsú.”

Ó fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, títí ilẹ̀ fi mọ́, ìkòkò kò dín. Ó fà á lọ́jọ́ kejì, kò dín. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lórí ẹní. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin tó jókòó yìí ni, ọtí ì bá ti gbà yín lọ́kàn, ẹ̀ bá ti gbàgbé ilé. Ní ọjọ́ kẹta ló wá rí ohun tí àwọn yòókù kò rí. Arúgbó obìnrin kan ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń da omi gbígbóná sínú ìkòkò, kò sì sí ẹni tó fún un ní esùsú rí.

Ọdẹ́rìndé pè é. “Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ti mu nínú ọtí yìí rí?”

Arúgbó ní, “Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, omi ni mò ń dà.”

“Ẹ gba esùsú mi. Ẹ jókòó, kí n bá yín da omi.”

Olórí wọn kò lè bá a wí, nítorí òfin fi àyè gba ẹni tó ń da omi láti dúró. Arúgbó jókòó, ó fà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdẹ́rìndé gbé igbá omi dání, kò da ẹ̀kán kan. Kí oòrùn tó yí, ìkòkò gbẹ, inú bí gbogbo iwin, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ìfófó lọ sílé. Olórí wọn ní, “Dáhùn èyí kí n gbọ́. Ta ni ìyá ọtí?”

Ọdẹ́rìndé ní, “Ọkà ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọrùn wọn fi lọ́ pọ̀. “Bàbá ọtí ni ọkà. Níbo lo ti rí bàbá tó lóyún?” Wọ́n bu ìfófó díẹ̀ sínú akèrègbè rẹ̀. Kó tó dé bodè, ìfófó náà ti kú. Ó da omi rẹ̀ nù, ó ń lọ.

Ìlú kejì dára lójú. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán bí àwo. Ọtí wọn pọ́n bí oyin, ó tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò, ó korò bí ewúro, ìfófó rẹ̀ sì ga tó fìlà ìjòyè. Ife gíláàsì tí wọ́n fi ń mu ún wúwo tó ọmọ odó. Wọ́n gbé ọ̀kan fún un. Ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ Ìlọ́kà tí wọ́n kọ́ dáadáa yóò kọ́kọ́ ṣe? Ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin baba mi, ẹ mu.”

Ló bá gbọ́ tí ẹnì kan sín nísàlẹ̀.

Ilẹ̀ tó dúró lé yìí, òrùlé ààfin ni. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọba ìlú náà ń gbé kí ọtí rẹ̀ má baà gbóná, orí ọba gan-an sì ni ọtí tó ta sílẹ̀ náà kán sí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀. Ọba ní ojú mẹ́rin, méjì níwájú, méjì ní ìpàkọ́, irun rẹ̀ sì tutù wìnnì.

Ọba ní, “Ṣé inú irun mi ni àwọn baba rẹ ń gbé?”

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, ẹ forí jì mí. Nílé wa, abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn baba wa wà. N kò mọ̀ pé ọba ló wà níbẹ̀ nílé tiyín.”

“Àlejò lójú, kò fi ríran,” ni ọba wí. “Dìde, a ó jọ mu. Níhìn-ín, bí ife bá kan ife, ojú gbọdọ̀ kan ojú. Ẹni tí kò bá wo gbogbo ojú ẹni tó ń bá mu, òkúta ni yóò dà.”

Ọdẹ́rìndé wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó rí àwọn òkúta tó tò lọ bẹẹrẹ, oníkálùkù gbé ife dání. Ẹ̀rù bà á, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, kò fi pamọ́. Báwo ni ènìyàn ṣe ń wo ojú iwájú àti ojú ìpàkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Ó rántí ìyá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó fa àdá yọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sún mọ́ ọn. Ó ní, “Kì í ṣe ti ìjà.” Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, àdá rẹ̀ ń dán bí dígí. Ó na apá rẹ̀ kọjá èjìká ọba, ó dẹ pẹlẹbẹ àdá sẹ́yìn ìpàkọ́, ó fi ojú kan wo iwájú, ó sì fi ojú kejì wo inú àdá. Ife kan ife. Ojú mẹ́rin kan ojú méjì.

Ọba gbé ife kalẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ó ní, “Láti ìgbà tí mo ti jọba, kò sí ẹni tó wo ojú ẹ̀yìn mi rí.” Ó fún un ní ìfófó kún akèrègbè, ó wá bi í, “Ta ni ìyá ọtí?”

“Omi ni, Kábíyèsí.”

“Omi ni ilé tí wọ́n gbé bí i. Mo bi ọ́ ní ìyá, o ń fi ilé hàn mí.” Kó tó dé bodè, ìfófó ti kú. Ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ó dìde.

Ìlú kẹta kéré, ó sì dákẹ́. Ọtí ìrẹsì ni wọ́n ń mu níbẹ̀, ó mọ́ lójú bí omi òjò. Wọ́n fi Ọdẹ́rìndé jókòó sórí ẹní, wọ́n gbé ìgò ọtí kan àti ife kékeré kan síwájú rẹ̀. Ẹnì kan jókòó kọjú sí i, tòun ti ìgò àti ife tirẹ̀. Ọdẹ́rìndé gbé ojú sókè, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ògúnsínà ni ó rí. Iwin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní kókó iwájú orí mi yìí, ó ní eyín mi tó yọ, ó tilẹ̀ di apá mọ́ra bí mo ti ń ṣe nígbà tí inú bá ń bí mi. Ọdẹ́rìndé ní ojú náà burẹ́wà. Mo ti dárí ìyẹn jì í.

Òfin ìlú náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu ọtí fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá bù fún ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi bù ú yóò gbẹ. Ọdẹ́rìndé dá ara rẹ̀ lójú. Nílé wa, onílé ní í bu ọtí fún àlejò, onílé náà ló sì máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó dúró kí onílé bù ú. Onílé kò bù ú. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ bí ìkarahun ìgbín, bẹ́ẹ̀ ìgò kún níwájú rẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní. Ó ní òun kàn ń wo ojú náà ni, òun ń ronú pé, “Kí èmi kọ́kọ́ bù fún Ògúnsínà? Ẹni tó bá mi du ẹfọ̀n mi?” Ẹni tó ti fi ọgbọ́n borí iwin ọlọ́rùn gígùn, tó ti wo ojú mẹ́rin láìdi òkúta, kò lè gbé ìgò kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ tún bọ́ sí i lọ́kàn. Ó wá ronú sí ohun tó ń sá fún láti ọdún mẹ́ta: ọkùnrin tí ó gbẹ́ ilẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ láìsí ọ̀rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú tì í. Ó gbé ìgò, ó bu ọtí kún ife iwin náà. Iwin náà sì gbé ìgò tirẹ̀ kíákíá, àfi bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀, ó bù fún un. Wọ́n mu.

Ìyá tó ń pọn ọtí ìlú náà wá jókòó tì í. Ó ní, “O pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tó pẹ́ jù ọ́ lọ. Kí lò ń wá?”

“Ìfófó ni, Màmá. Wọ́n ní kí n sọ ẹni tí í ṣe ìyá ọtí, n kò mọ̀ ọ́n.”

Ìyá náà fà á lọ sídìí ìkòkò rẹ̀. Ìkòkò náà dúdú, nǹkan ṣù mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. “Wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná tó kù nísàlẹ̀ yìí. Òun ni ìyá ọtí. Ẹni tó bá fẹ́ pọntí yóò lọ tọrọ rẹ̀ nílé aládùúgbò, yóò dà á sí tirẹ̀, ìgbà náà ni yóò hó. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń ṣe ní tiyín ni?”

Ọdẹ́rìndé rántí gbogbo àwọn obìnrin wa lódò, tòun ti kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, Màmá. Wọ́n ti fọ ìyá ọtí dànù. Ẹ fún mi nínú tiyín.”

“Ìyá ìrẹsì kò lè bí ọmọ ọkà. Lọ wá tiyín. Kò sí ìlú tí ènìyàn kan kì í gbàgbé láti fọ ìkòkò.”

Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé Ìlọ́kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló rántí ìkòkò kékeré kan tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Àṣàbí ló tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá Ọdẹ́rìndé ní ọ̀sẹ̀ tí a pa ẹfọ̀n, kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó pa á. Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu yín báyìí. Ẹ gbé e mì, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ rìn ín.

Nígbà tó dé ilé, ìyá ṣì ń mí. Ó wo ojú rẹ̀, ó tún jáde. Ó sọ fún mi pé nínú gbogbo ìrìn-àjò náà, ogójì ìṣísẹ̀ tó wà láàárín ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti tèmi ló gùn jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró. Mo jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń tún tàkúté ṣe, mo rí i, n kò gbé ojú sókè.

Ó ní, “Ògúnsínà, mo wá bá ọ kẹ́dùn Àṣàbí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi pẹ́. N kò ní àwáwí.”

Mo gbé tàkúté sílẹ̀.

Ó ní, “Mo tún wá tọrọ nǹkan. Ìkòkò tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ yìí. Mo mọ̀ pé o kò fọ̀ ọ́.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ta ni yóò sọ fún mi? Èmi ni mo mọ̀ ọ́. Ohun tí Àṣàbí fọwọ́ kàn kẹ́yìn, ìwọ kò lè fi kànìnkànìn kàn án.”

Èmi tí ẹkùn sá fún, mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mo gbé ìkòkò náà jáde, mo fi lé e lọ́wọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀ bí amọ̀. A fi omi ọkà rẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyá wa, a jókòó tì í. Lọ́jọ́ kìíní, kò fọhùn. Lọ́jọ́ kejì, kò fọhùn. Ìyá kò jẹ, kò mu, ó ṣáà ń tẹ́tí. Lọ́jọ́ kẹta, a gbọ́ ọ tó ń ta pàrà-pàrà bí òjò lórí ewé, ìfófó sì gbé ọmọrí ìkòkò.

A bù ú sínú igbá kan, a dorí kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a gbé orí sókè, ìyá ní kí a sún mọ́ òun. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó fi ìka kan imú Ọdẹ́rìndé, ó fi kan imú mi. Ó wá fa etí aṣọ rẹ̀, ó nu imú àwa méjèèjì bó ti máa ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré tí ọ̀fìnkìn ń dà wá láàmú. Ó ní, “Ó tó.”

Ọjọ́ karùn-ún ló kú. Àwa méjèèjì la gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Kí a tó fọ ọwọ́ tán, àwọn obìnrin Òkè àti ti Ìsàlẹ̀ ti tò sẹ́nu ọ̀nà mi tàwọn ti abọ́, wọ́n wá tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Èyí tí ẹ ń mu lọ́wọ́ báyìí, inú rẹ̀ ló ti jáde.

Mo bi Ọdẹ́rìndé nígbà kan pé èwo ló dára jù nínú gbogbo ọtí tó mu. Ó ní ti ìlú kìíní dùn, ti ìlú kejì tutù, ti ìlú kẹta mọ́. Ó ní ti ilé ìyá wa lọ́jọ́ yẹn kan bí ọtí kíkan, pé òun kò sì jẹ́ fi èyíkéyìí pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún tó kọjá ni òun náà lọ. Kó tó lọ, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọta tèmi ló pa ẹfọ̀n náà. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tirẹ̀. Tèmi ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Gbọ́láwọyè, ife rẹ ti gbẹ. Má bù ú fúnra rẹ. Gbé e wá.